Òkúta Inú Agolo: Èyí Tí Ilẹ̀ Bí àti Èyí Tí Ọwọ́ Ènìyàn Ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ dá ìwé kan lóhùn tí ó ti Ìgbayè wá, ìlú tí kò jìnnà sí Òkukù àti Ìnísà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní àṣà kíkó òkúta jọ ni ó kọ ọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bá bàbá òun lọ sí oko ni òun ti ń ṣa òkúta tí ó bá ń dán, tí òun sì ń kó wọn sínú agolo mílíìkì, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun a sì máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a máa pe òun ní Olókùúta. Èyí kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú un kọ̀wé ni pé ìyá bàbá rẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè, ó sì fi àpótí ìlẹ̀kẹ̀ kan sílẹ̀: àwọn pupa, àwọn aláwọ̀ aró, àti ẹyọ ìwọ̀nba tí ó mọ́ gaara bí omi. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń fẹ́ pín in. Oníṣòwò kan tí ń kiri yà sí ilé wọn, ó wo àpótí náà, ó ní dígí lásán ni àwọn aláwọ̀ aró, pé wọn kò ju owó iṣu méjì lọ, ṣùgbọ́n pé òun yóò rà wọ́n nítorí àánú. Lẹ́yìn náà ni ó yọ òkúta kan tí ń tàn yẹ̀rì jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ní dáyámọ́ńdì ni, ó sì fẹ́ kí bàbá fi ilẹ̀ oko kan gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bi wá pé: báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ilẹ̀ bí yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn ṣe?

Èsì àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ sí i kò gùn: kí wọ́n má tíì ta ohunkóhun, kí wọ́n má sì fi ilẹ̀ gba òkúta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó gùn ni a kọ síhìn-ín, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà láti Ìkìrun títí dé Ọ̀fà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdáná. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sórí aṣọ dúdú, kí ẹ sì fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ẹ ó rí i pé hóró kọ̀ọ̀kan dàbí àpótí kékeré, ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́ pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ sì mú. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ohun kíkéré jọjọ tí iyọ̀ fi di iyọ̀ a máa to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń to bíríkì, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láìṣìṣe. Ohunkóhun tí ó bá le nípa ìtò báyìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní kírísítálì. Ṣúgà jẹ́ bẹ́ẹ̀, álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi tòrò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kán-ún tí a fi ń se ewédú sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jọ òkúta tí kò ní láárí.

Dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá yọ́ yanrìn àti èròjà rẹ̀ nínú iná tí ó sì tutù, àwọn ohun kíkéré inú rẹ̀ kò rí ààyè to ara wọn. Wọ́n le sí ibi tí olúkúlùkù wà, bí bíríkì tí awakọ̀ dà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Nítorí náà ife olówó iyebíye tí àwọn ará òkè òkun ń pè ní kírísítálì kì í ṣe kírísítálì rárá. Dígí tí a fi òjé sí ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa: dígí tàbí ike ni ọ̀pọ̀ àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ń dán lára léèsì àti gèlè. Daniel Swarovski, tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Wattens ní ilẹ̀ Austria ní 1895, fi ẹ̀rọ gé dígí títí orúkọ rẹ̀ fi kárí ayé. A kò sọ èyí láti ba ayẹyẹ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa ti Ìgbayè bèèrè ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣé kírísítálì ni tàbí dígí? Ṣé ilẹ̀ ni ó bí i tàbí ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é? Èló ni ó tó? Ìdáhùn sí ọ̀kan kò sọ ti èkejì, níbẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹ́tàn sì ti ń rí oúnjẹ jẹ. Dígí wà tí ilẹ̀ bí, irú èyí tí ń jáde láti inú òkè tí ń yọ iná. Kírísítálì wà tí ènìyàn ṣe nínú ilé-iṣẹ́. Òkúta wà tí ilẹ̀ bí tí kò tó kọ́bọ̀, dígí sì wà tí ènìyàn ṣe tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ẹdùn àrá bọ́ sí ibí yìí. Òkúta tí ó tẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí àgbẹ̀ ń hú jáde nínú oko, tí a sì ń sọ pé àrá ni ó sọ ọ́ láti òkè, àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé àáké àwọn ará ìgbà láéláé ni, àwọn tí ó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé. Òkúta ni wọ́n fi lọ òkúta títí ó fi dán. Àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú ti pe irú tiwọn ní òkúta àrá fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilẹ̀ ni ó bí òkúta náà, ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Ohun tí àrá fúnra rẹ̀ ń ṣe, nígbà tí ó bá sán lu yanrìn, ni ọ̀pá dígí gbágungbàgun tí ó ní ihò nínú.

Ẹ jẹ́ kí a tú agolo ọmọ wa sílẹ̀ wàyí. Ilẹ̀ tí Ìgbayè, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù tẹ̀dó sí jẹ́ ilẹ̀ àpáta àtijọ́ gidigidi, tí ó ti wà kí ẹranko kankan tó rìn lórí ilẹ̀. Nínú àpáta wọnnì ni òkúta funfun wà tí ó là á kọjá bí iṣan, tí òjò sì ń wẹ̀ jáde sí ojú ọ̀nà oko. Kúọ́tìsì ni orúkọ rẹ̀, òun ni yóò sì pọ̀ jù nínú agolo náà. Èyí tí ó funfun bí wàrà kì í wọ́n. Èyí tí ó mọ́ gaara ṣọ̀wọ́n díẹ̀. Èyí tí ó ní àwọ̀ èsè àlùkò ni wọ́n ń pè ní amétísítì. Bí ó bá rí ààyè dàgbà nínú ihò àpáta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a jẹ́ mẹ́fà, orí rẹ̀ a sì ṣóńṣó bí pẹ́ńsùlù tí a gbẹ́. Nicolas Steno, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ni ó ṣe àkíyèsí ní 1669 pé bí kúọ́tìsì ti wù kí ó tóbi tàbí kí ó kéré tó, bí ó ti wù kí ó wọ́ tó, igun tí ó wà láàárín ojú kan àti èkejì kì í yí padà. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa: ìlà tín-ín-rín wà níbẹ̀ tí ó dábùú rẹ̀. Ti túmálíìnì, tí a ń rí ní Ìjerò-Èkìtì àti ní apá Òkè-Ògùn, lọ láti ìdí dé orí. Bí a bá sì wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́, ó jọ igun mẹ́ta tí ikùn rẹ̀ yọ síta. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ju túmálíìnì dúdú nù bí èédú mọ́.

Máíkà ni èyí tí ń ṣí ní ìpele ìpele bí ewé ìwé, tí ń mú kí yanrìn odò máa dán nínú oòrùn. Ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ pé wúrà ni wọ́n rí. Wúrà kì í ṣí bí ewé. Bí a bá fi òòlù lù ú, títẹ́ ni yóò tẹ́. Wúrà gidi kò jìnnà sí wa, òtítọ́ ni: ní Ìpérindó, lẹ́bàá Iléṣà, ibi ìwakùsà kan yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2021, Sẹ̀gilọlá sì ni orúkọ tí a fún ibi ìwakùsà náà. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Bí òkúta dúdú kan bá sì wà nínú agolo náà, tí ó wúwo, tí ó ní ihò bí àkàrà, tí ojú ibi tí ó fọ́ sí ń dán bí ìgò, ẹ má ṣe pè é ní òkúta tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìdàrọ́ ni, èérí tí ó kù lẹ́yìn tí àwọn baba wa ti yọ irin kúrò nínú òkúta. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Bí ẹ bá rí òkìtì rẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí òun ni yóò fi ibi tí ìléru wà han àwọn tí ń wá ìtàn.

Ọ̀nà tí a fi ń dá dígí mọ̀ yàtọ̀ sí kúọ́tìsì kò ná ni lówó. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó róbótó, bí ìfófòó tí ó dúró lójú kan, dígí ni. Kúọ́tìsì a máa ní ìkùukùu, tàbí ìlà fífọ́, tàbí ohun tí ó dàbí abẹ́rẹ́ nínú, ṣùgbọ́n kì í sábà ní àwọn róbótó wọ̀nyí. Lẹ́yìn ojú, ètè. Ẹ fi méjèèjì sí ibòji fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n kan ètè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúọ́tìsì yóò tutù ju dígí lọ, yóò sì pẹ́ kí ó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ó ń gba ooru kúrò lára wa kíákíá. Ike kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Friedrich Mohs, ará Jámánì, to òkúta mẹ́wàá ní ìpele ní 1812 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ti lè fa ìlà sára èkejì. Èékánná wa wà ní nǹkan bí ìpele 2 ààbọ̀, ọ̀bẹ àti ìgò ní nǹkan bí 5 ààbọ̀, kúọ́tìsì ní 7, tópásì ní 8, rúbì àti sàfáyà ní 9, dáyámọ́ńdì ní 10. Nítorí náà kúọ́tìsì yóò fa ìlà sára àfọ́kù ìgò, àfọ́kù ìgò kò sì lè fa ìlà sára kúọ́tìsì. Ẹ fi ìka tútù nu ojú ibẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí nígbà mìíràn ìyẹ̀fun èyí tí kò le ni ó lẹ̀ mọ́ èyí tí ó le. A gbọ́ pé àwọn kan ń fi òòlù dán dáyámọ́ńdì wò, wọ́n ní èyí tí kò bá fọ́ ni gidi. Ìwà òmùgọ̀ ni. Líle kì í ṣe àìlèfọ́. Dáyámọ́ńdì tí ń fa ìlà sára gbogbo nǹkan lè là sí méjì bí òòlù bá bà á níbi tí ó ti rọrùn fún un láti là.

Ìdánwò tí àwa fẹ́ràn jù ni ti òṣùwọ̀n, nítorí kì í ba nǹkan jẹ́, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ. Kí a sọ pé ó jẹ́ gíráàmù 53. Ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìdí ife, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n bí ó ti rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a sọ pé ó di 33. Ó ti dín 20. Ẹ fi 20 pín 53, yóò jẹ́ 2.65, ti kúọ́tìsì sì nìyẹn. Dígí ìgò a máa wà ní nǹkan bí 2.5, dígí olójé a tó 3 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tópásì jẹ́ nǹkan bí 3.5, dáyámọ́ńdì 3.52. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú Ìgbayè lè ṣe é ní ọ̀sán kan, bí olùkọ́ wọn bá ní òṣùwọ̀n tí ó péye.

Nípa òkúta oníṣòwò, a kì í dá ẹjọ́ òkúta tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó wà ní ayé. Ní 1902 Auguste Verneuil kéde ní Paris bí òun ti ń ṣe rúbì: ó ń da ìyẹ̀fun gba inú iná tí ó gbóná rékọjá, ìyẹ̀fun náà ń yọ́, ó ń kán sórí ọ̀pá kan, ó sì ń di kírísítálì. Rúbì ni lóòótọ́, kì í ṣe dígí. Líle rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ bá ti inú ilẹ̀ dọ́gba. Kìkì pé awò ńlá lè fi ìlà tí ó tẹ̀ kọrọdọ hàn nínú rẹ̀, irú èyí tí kò sí nínú èyí tí ilẹ̀ bí. Ní 1954 àwọn ọ̀mọ̀wé ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe dáyámọ́ńdì. Láti 1976 ni wọ́n sì ti ń ta òkúta kan tí a ń pè ní sàkóníà, tí ń tàn bí dáyámọ́ńdì, tí owó rẹ̀ sì kéré jọjọ. Òṣùwọ̀n inú omi ń tú u fó lójú kan, nítorí ó ń lé ní 5 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì ilé-iṣẹ́ àti ti ilẹ̀, ẹ̀rọ àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ni ó lè yà wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ta dáyámọ́ńdì gidi fi ń mú ìwé ẹ̀rí dání. Ẹni tí ó ń kiri pẹ̀lú rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, tí kò ní ìwé, tí ó sì ń bèèrè ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àpótí ìyá àgbà ni ó kù, òun ni ó sì wà lọ́kàn wa jù. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ ha ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ wò, kí ó má sì ṣe fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ojú, ètè àti òṣùwọ̀n ti tó.

Àwọn mélòó kan tí ó mọ́ gaara lè jẹ́ kúọ́tìsì tàbí dígí. Ètè yóò sọ ọ́. Àwọn pupa tí a ń pè ní iyùn kì í ṣe ìdílé kan. Iyùn inú òkun jẹ́ egungun àwọn ẹranko kéékèèké tí ń gbé pọ̀ nínú omi. Ó rọ̀ ju ìgò lọ, ìlà wẹ́wẹ́ bí ti igi a sì máa wà lára rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ohun kíkan fọ ọ́. Ekejì ni òkúta pupa tí a ń gbẹ́ ní Ìlọrin, tí a ń pè ní lántánà. Jásípà ni, ẹ̀yà kúọ́tìsì kan tí hóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí wọn. Ó le, ó sì tutù. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ni iṣẹ́ náà ti dé Ìlọrin, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1800. Àwọn oníṣòwò ni ó ń gbé òkúta náà wá láti òkè Ọya. Ọwọ́ ni a fi ń lọ̀ ọ́, irin tín-ín-rín ni a fi ń lu ihò rẹ̀, ìṣẹ́ ńlá sì ni. Ayédèrú olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wà lára ohun tí ó pa iṣẹ́ náà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kí 1940 tó dé. Bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan bá wà lọ́wọ́ yín tí ihò afẹ́fẹ́ róbótó wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ayédèrú wọnnì.

Àwọn aláwọ̀ aró wá ń kọ́? Níhìn-ín ni oníṣòwò náà ti fi òtítọ́ parọ́. Dígí ni, ó ṣeé ṣe. "Lásán" ni irọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ibì kan wà tí a ń pè ní Igbó Olókun. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí ìkòkò tí dígí yíyọ́ ti gbẹ mọ́ nínú, àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí lọ́pọ̀lọpọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé dígí tí ó ti òkè òkun wá ni àwọn baba wa ń tún yọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2006 James Lankton, Akin Ige ti yunifásítì Ifẹ̀, àti Thilo Rehren tẹ̀ ẹ́ jáde pé èròjà tí ó wà nínú dígí Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ilẹ̀ mìíràn: ẹfun òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, alúmínà sì pọ̀, ìpò tí a kò mọ̀ mọ́ àwọn ará Lárúbáwá tàbí ará Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babatunde Babalola, ọmọ Yorùbá, wa ilẹ̀ Igbó Olókun láti 2010 sí 2012, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tí ó ju 800 lọ. Iṣẹ́ náà ti wà níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iná ìléru Ifẹ̀ ti ń jó kí ọkọ̀ Pọtogí tó kan etíkun wa. A ti rí ìlẹ̀kẹ̀ irú èyí títí dé Gao, ní ilẹ̀ Mali. Yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe é. Èyí ni sẹ̀gi, tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí a bá sì ń pe orúkọ ibi ìwakùsà Ìpérindó, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe ni a fi ń yin ohun tí ilẹ̀ bí.

A kò sọ pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ aró tí ó wà ní Ìgbayè ni ó ti Ifẹ̀ wá. Àwọn ará Nupe ní Bídà yọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọn ará Krobo ní ilẹ̀ Gánà ń lọ dígí kúnná kí wọ́n tó fi iná sí i. Ọkọ̀ ojú omi sì kó àìmọye wá láti Venice àti Bohemia. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ojú oòrùn. Àwọn kan lára sẹ̀gi àtijọ́ a máa ní àwọ̀ aró bí wọ́n bá wà ní àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn wọn, wọn a di àwọ̀ ewé. Ẹ wo ẹnu ihò rẹ̀ bóyá òwú ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ ẹ́. Àmì ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń wo èròjà inú rẹ̀ láìfọ́ ọ.

Nítorí náà kí ẹbí náà ka ìlẹ̀kẹ̀ yìí, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n má sì tú u kúrò lórí òwú tí ìyá àgbà sín in sí. Kí wọ́n gbé e lọ sí Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ láti fi hàn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pín in, kí wọ́n pín in ní okùn okùn, kì í ṣe ní hóró hóró, kí a sì kọ orúkọ ìyá náà mọ́ ìdí okùn kọ̀ọ̀kan. Òfin ti 1979 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ. Àwọn tí ń rà á "nítorí àánú" mọ òfin náà dáadáa. Òfin ìwakùsà ti 2007 pẹ̀lú sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ wà á fún títà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ inú oko bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn abiyamọ. Kírísítálì kan wà tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa tí a kì í kà sí òkúta: tìróò. Kí a tó lọ̀ ọ́, òkúta wíwúwo ni, ó ń dán bí irin tuntun, ó sì máa ń fọ́ ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Òjé ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá sí ojú fún. Ní Zamfara, ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé. Ilẹ̀ ni ó bí i, kò sì sí àdàlù kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ má ṣe fi í sí ojú ọmọ, ẹ má sì ṣe lọ òkúta èyíkéyìí nínú ilé. Eruku kúọ́tìsì pàápàá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Fún àwọn ọmọdé, eré tí ó sàn wà. Ẹ ra álọ́ọ̀mù èyí tí ó mọ́ gaara bí yìnyín, ẹ gún un, kí àgbàlagbà dà á sínú omi gbígbóná, kí ẹ máa rò ó títí tí kò fi ní lè yọ́ mọ́. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí hóró ní ìdí ife. Ẹ mú èyí tí ó gún jù, ẹ fi òwú so ó, ẹ tún sẹ́ omi álọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì gbé hóró yìí rọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí omi bá ti tutù pátápátá. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ má ṣe gbé e kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò di òkúta olójú mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Ọmọ tí ó bá ṣe é tán, ẹ bi í pé ta ni ó ṣe òkúta náà, òun ni tàbí álọ́ọ̀mù. A fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ní ti Olókùúta wa, kí ó ra ìwé kékeré kan. Kí ó fi ọ̀dà funfun kán àmì kékeré sára òkúta kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀, kí ó sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i, ibi tí ó ti rí i, ìwúwo rẹ̀, àti ẹni tí ó fún un bí kì í bá ṣe òun ni ó ṣà á. Ẹ̀gbẹ́ mélòó ni ó ní, ìlà rẹ̀ dábùú tàbí ó gùn lọ, ó fa ìlà sára ìgò tàbí kò fà á. Èyí tí ó jẹ́ dígí, kí ó kọ dígí sí i láìtijú, kí ó sì tọ́jú òun náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi wá léèrè nípa òkúta rẹ̀, ohun tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí ó kọ ránṣẹ́ sí wa, kí ó fi òkúta fúnra rẹ̀ sílẹ̀ nílé.